Elmina àti Cape Coast lọ́jọ́ kan: bí wọ́n ṣe ń to ìrìn-àjò etíkun Gánà

Elmina àti Cape Coast kò ju nǹkan bíi kìlómítà 13 síra wọn lọ, síbẹ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ilé olódi ńlá tirẹ̀ létí òkun. Àwọn ará Họ́láńdì jókòó sí ọ̀kan, àwọn Gẹ̀ẹ́sì jókòó sí èkejì, wọ́n sì fi ohun tó lé ní igba ọdún ṣọ́ ara wọn. Ẹni tó bá wà ní Accra lè lọ wo méjèèjì láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, kó sì padà sùn síbi tó ti jí. Ọ̀pọ̀ ló ń bá bọ́ọ̀sì kékeré lọ bẹ́ẹ̀, èyí tí èrò inú rẹ̀ kì í ju mẹ́wàá tàbí méjìlá lọ, pẹ̀lú awakọ̀ kan àti amọ̀nà kan.

Owó ló kọ́kọ́ ń sọ iye èrò tí bọ́ọ̀sì máa kó. Ìnáwó irú ìrìn-àjò yìí pín sí méjì. Owó bọ́ọ̀sì, owó epo, owó iṣẹ́ awakọ̀ àti ti amọ̀nà kì í yí padà: èèyàn mẹ́ta ni o, èèyàn méjìlá ni o, iye kan náà ni. Owó ẹnu ọ̀nà ilé olódi àti ti oúnjẹ ọ̀sán ní tiwọn ń gbé pẹ́ẹ́lí sí i bí èrò ṣe ń pọ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣètò máa ń ní iye èèyàn kan lọ́kàn tó jẹ́ pé bí kò bá pé, owó ọjọ́ náà kò ní jáde. Bí kò bá pé lóòótọ́, ó lè sún ọjọ́ síwájú, ó lè da àwọn èrò rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, ó sì lè ní kí àwọn tó ti sanwó fi díẹ̀ kún un. Kí èèyàn tó san àsansílẹ̀ ló yẹ kó béèrè pé, "Tá ò bá pé ńkọ́?" Kó tún béèrè bóyá owó ẹnu ọ̀nà wà nínú iye tí wọ́n dá lé e, torí àlejò tó ti òkèèrè wá máa ń san ju ọmọ Gánà lọ ní àwọn ilé olódi yìí.

Àmọ́ ohun tó jẹ́ kí èrò díẹ̀ dára jù hàn nígbà tí wọ́n bá dé inú túbú abẹ́ ilẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ti àwọn ẹrú mọ́ kí wọ́n tó kó wọn sọdá òkun. Àwọn yàrá yẹn ṣókùnkùn, àwọn ilẹ̀kùn kan wà tó jẹ́ pé àfi kéèyàn bẹ̀rẹ̀ kó tó lè wọlé, òkúta ara ògiri sì ń da ohùn padà. Èèyàn mẹ́wàá lè dúró yí amọ̀nà ká kí gbogbo wọn gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ ní ohùn jẹ́jẹ́. Tí wọ́n bá jẹ́ ogójì, ó di dandan kó pariwo, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì máa gbọ́ ìró nìkan. Ẹni tó ní ìbéèrè lọ́kàn kò ní lè bi í. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tó yẹ kí wọ́n ti máa pariwo síni létí.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni amọ̀nà máa ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp: ibi tí bọ́ọ̀sì máa dúró sí, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, àti aago tí wọ́n máa gbéra. Aago yẹn kì í bá ẹni tó fẹ́ sùn lára mu, torí ìdájí ni, aago márùn-ún tàbí márùn-ún ààbọ̀. Kasoa ló fà á. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tó lọ sí ìwọ̀-oòrùn láti Accra gbà kọjá, ibẹ̀ náà sì ni sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ti burú jù lójú ọ̀nà náà. Cape Coast fi nǹkan bíi kìlómítà 150 jìnnà sí Accra. Bọ́ọ̀sì tó bá ti kọjá Kasoa kí àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ síbi iṣẹ́ lè dé ibẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Èyí tó bá fi ìdajì wákàtí dúró de ẹnì kan ní Accra lè pàdánù ju wákàtí kan lọ ní Kasoa. Amọ̀nà tó mọṣẹ́ kì í dúró de apẹ́lẹ́yìn títí, kódà bí onítọ̀hún bá ti sanwó tán. Ó lè dà bí ìwà líle, àmọ́ àwọn yòókù tó tètè jí ló ń ṣe lóore.

Lẹ́yìn Kasoa, ọ̀nà á là. Wọ́n á kọjá ní oríta Winneba, ní Mankessim, ní Saltpond, lẹ́yìn ìyẹn ni òkun á yọ lọ́wọ́ òsì. Ní Abandze, àwókù Fort Amsterdam wà lórí òkè. Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ kọ́ ọ, àwọn ará Họ́láńdì sì gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́dún 1665. Ní Anomabo, Fort William dúró gbọn-in létí omi. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì kì í dúró ní èyíkéyìí nínú méjèèjì, kò sì burú bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí amọ̀nà nawọ́ sí wọn, kí àwọn èrò lè rí i pé ilé olódi méjì tí wọ́n ń lọ wò kò dá wà. Gbogbo etíkun yẹn ni àwọn òyìnbó mọ odi sí, tó jẹ́ pé lọ́dún 1979 ni àjọ UNESCO kó àwọn tó ṣẹ́kù pọ̀ sínú àkójọ ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Cape Coast ni wọ́n kọ́kọ́ kàn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ó sàn kí wọ́n ré e kọjá lọ sí Elmina ná. Elmina ló jìnnà jù, bí wọ́n bá sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìrìn yòókù lọ́jọ́ náà, ọ̀nà ilé ló kọjú sí. Ìtàn náà sì ń tò tẹ̀ léra bẹ́ẹ̀, torí odi Elmina fi ohun tó lé ní àádọ́jọ ọdún dàgbà ju ti Cape Coast lọ. Lọ́dún 1482 ni Diogo de Azambuja kó àwọn Pọtogí dé, tàwọn ti òkúta tí wọ́n ti gbẹ́ sílẹ̀ nílé wọn, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi. Wúrà ni wọ́n wá. Wọ́n tilẹ̀ ń ra ẹrú ní agbègbè Ìbìní, tí wọ́n ń kó wọn wá sí Elmina láti fi gba wúrà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ibẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ èyí kó tó wọlé á túbọ̀ mọ bí ilé ìkówúrà ṣe wá di ilé ìkẹ́rú.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé olódi ni nǹkan kan ti ń ṣẹlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í retí: amọ̀nà tó bá wọn ti Accra bọ̀ á dákẹ́. Àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti àwọn ilé olódi Gánà ní amọ̀nà tirẹ̀ nínú ilé náà, àwọn ló sì máa ń mú àwọn èèyàn yí inú rẹ̀ ká fún nǹkan bíi wákàtí kan. Iṣẹ́ amọ̀nà àkọ́kọ́ kò tíì tán o. Òun ló máa sọ fún amọ̀nà inú ilé, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, pé orúnkún ń dun ìyá àgbà kan nínú wọn, pé ọmọdé wà níbẹ̀, pé àwọn kan ti Amẹ́ríkà wá nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yìn irú ilẹ̀kùn yìí ni ìran wọn ti pòórá. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ti délẹ̀, amọ̀nà inú ilé á mọ ibi tó yẹ kó ti fara balẹ̀ àti ibi tó yẹ kó dákẹ́. Bí wọ́n bá ń lọ lọ́wọ́, amọ̀nà tó bá wọn wá á máa ka orí èrò rẹ̀ ní ẹnu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, á sì jáde fi fóònù pe ilé oúnjẹ.

Nínú Elmina, àgbàlá kékeré kan wà tí yàrá àwọn obìnrin yí ká. Bí èèyàn bá gbójú sókè níbẹ̀, á rí ibi tí gómìnà máa ń yọjú sí láti òkè. Àwọn amọ̀nà ibẹ̀ ń sọ pé ibẹ̀ ló ti ń wo àwọn obìnrin tí wọ́n kó jáde sí oòrùn, tó sì ń yan èyí tó bá wù ú. Níbòmíràn nínú ilé náà, ilẹ̀kùn méjì wà légbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti àwọn sójà tó ṣẹ̀ ní ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Lókè ilẹ̀kùn kejì, wọ́n gbẹ́ agbárí òkú sí i: ẹrú tó bá ṣorí kunkun ni wọ́n ń tì mọ́bẹ̀, kò sì sí oúnjẹ, kò sí omi, títí ẹ̀mí á fi bọ́. Wọ́n á tún fi yàrá tí wọ́n fi Prempeh I, ọba Aṣáńtì, sí lọ́dún 1896 hàn wọ́n, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbé e lọ sí Sierra Leone àti láti ibẹ̀ lọ sí Seychelles.

Bí wọ́n bá jáde, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan lè ti wà níta pẹ̀lú ìkarahun òkun tí wọ́n kọ orúkọ àlejò sí lára. Wọ́n ti béèrè orúkọ yẹn tẹ̀rín-tẹ̀rín nígbà tí àlejò ń wọlé. Kò sí aburú nínú kéèyàn rà á, kò sì sí nínú kéèyàn má rà á, kó ṣáà ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé ọjà ni.

Ilẹ̀ gbalasa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi náà ni ọ̀pọ̀ ń gbà kọjá láìbojú wò ó, ó sì dunni, torí ìlú Elmina àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Lọ́dún 1872, àwọn ará Họ́láńdì fa odi náà lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Àwọn ará ìlú kò gbà. Lọ́dún 1873, Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu ìlú náà, wọ́n pa á run, wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni tún kọ́lé síbẹ̀ mọ́. Òdìkejì ọ̀sà Benya ni ìlú ṣí lọ. Amọ̀nà tó bá mọ ìtàn yìí á dá àwọn èèyàn dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí wọ́n tó gba orí afárá kọjá, níbi tí àwọn apẹja ti ń já ẹja nínú ọkọ̀ gígùn tí wọ́n kùn ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọn kì í lọ sókun. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọkọ̀ níbi tí wọ́n to gbogbo rẹ̀ sí lè mú ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá fẹ́ rí ọjà ẹja kó mú ọjọ́ mìíràn. Kéèyàn gba àṣẹ kó tó ya fọ́tò ẹnikẹ́ni.

Òkè St. Jago wà ní òdìkejì odi, orí rẹ̀ sì ni àwọn ará Họ́láńdì gbé àgbá gùn lọ́dún 1637 tí wọ́n fi gba Elmina lọ́wọ́ àwọn Pọtogí. Bí àyè bá wà, kí wọ́n gùn ún. Láti òkè yẹn, ojú lásán ti tó láti mọ ìdí tí odi náà kò fi lè dúró.

Oúnjẹ ọ̀sán ló máa ń ba àkókò jẹ́ jù lẹ́yìn Kasoa. Bí èèyàn méjìlá bá jókòó tán kí wọ́n tó máa yan oúnjẹ, wákàtí kan ààbọ̀ lè lọ sí i. Ìdí nìyẹn tí amọ̀nà fi ń gba ohun tí kálukú fẹ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì: kenkey Fante tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ pọ́n pẹ̀lú ẹja díndín, tàbí ìrẹsì. Bí wọ́n bá ṣe ń dé ni oúnjẹ ń bọ́ sórí tábìlì.

Ọ̀sán ni ti Cape Coast, ibẹ̀ sì ni àléébù ńlá irú ọjọ́ yìí wà. Ilé olódi kejì lè má wọni lọ́kàn mọ́, torí àwọn amọ̀nà inú ilé méjèèjì máa ń sọ ìtàn tó jọra. Ẹni tó ṣètò dáadáa á ti pín ọ̀rọ̀ sí méjì látàárọ̀: kí Elmina jẹ́ ti wúrà, ti ogun àárín àwọn òyìnbó, àti ti ìlú tí wọ́n pa run; kí Cape Coast jẹ́ ti àwọn tí wọ́n kó lọ. Súwídìn ló kọ́kọ́ kọ́ odi síbẹ̀ lọ́dún 1653, kó tó di pé Gẹ̀ẹ́sì gbà á tí wọ́n sì sọ ọ́ di olú ibùdó wọn. Cape Coast ni olú ìlú Gold Coast, ìyẹn Gánà nígbà tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, títí di ọdún 1877 tí wọ́n gbé e lọ sí Accra. Ilé ìjọsìn wà lókè, túbú àwọn ọkùnrin wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nínú túbú yẹn, ojúbọ Nana Tabir, òrìṣà kan tí àwọn ará ìlú ń bọ, wà níbẹ̀ títí dòní, àwọn àlejò sì ń gbé òdòdó síwájú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ sí Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀. Bí amọ̀nà bá ṣí i, ìmọ́lẹ̀ òkun á kọ́kọ́ dí wọn lójú, lẹ́yìn náà ni wọ́n á rí àwọn apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe. Bí wọ́n bá wẹ̀yìn padà láti ìta, wọ́n á rí i pé Ẹnu Ọ̀nà Ìpadàbọ̀ ni wọ́n kọ sí lókè rẹ̀ lápá yẹn. Kí amọ̀nà fún wọn láyè níbẹ̀, kó má sọ̀rọ̀. Àwọn kan á sunkún.

Àwọn kan máa ń fi afárá tí wọ́n so mọ́ orí igi nínú igbó Kakum kún ọjọ́ kan náà. Ọdún 1995 ni wọ́n ṣí i, gígùn rẹ̀ tó mítà 350, ó sì dùn ún rìn. Àmọ́ ìhà àríwá Cape Coast ló wà, nǹkan bíi kìlómítà 30, èrò sì máa ń tò síbẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń gé kúrò kí Kakum lè wọlé ni rírìn nínú ìlú, ìyẹn sì ni pàdánù tó tóbi jù. Inú ìlú ni posuban wà, ojúbọ tí àwọn ẹgbẹ́ jagunjagun Fante tí wọ́n ń pè ní asafo kọ́, tí wọ́n ya ẹranko àti ọkọ̀ òkun sí. Méje ni ẹgbẹ́ asafo ní Cape Coast. Láìrí wọn, àlejò á padà sílé bíi pé ìtàn òyìnbó nìkan ló wà ní etíkun yẹn. Kakum yẹ fún ọjọ́ tirẹ̀, pẹ̀lú odò Assin Manso, níbi tí wọ́n ti ń wẹ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kí wọ́n tó kó wọn dé etíkun.

Ó yẹ kí bọ́ọ̀sì ti kọrí sí Accra ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ ń ṣú ní bí aago mẹ́fà, ọ̀nà náà kò sì dára fún ìrìn òru pípẹ́. Inú bọ́ọ̀sì yìí ni ẹni tó bá fẹ́ fún amọ̀nà àti awakọ̀ ní owó ìmoore ti ń ṣe é, kò sì sí iye kan pàtó. Amọ̀nà inú ilé olódi ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Kasoa á tún dá wọn dúró. Aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n sábà máa ń wọ Accra, nítorí náà kí ẹni tó ní ọkọ̀ òfúrufú láti wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn yan ọjọ́ mìíràn.