Bí baba ìsàlẹ̀ àti ọmọ ẹ̀yìn ṣe ń bára wọn lò ní Róòmù àtijọ́

Ní Róòmù àtijọ́, ojúmọ́ kì í tíì mọ́ tán tí àwọn ọkùnrin kan yóò ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ọlọ́lá, pẹ̀lú toga lọ́rùn wọn, aṣọ ńlá onírun àgùntàn tó wúwo tó sì ń mú ooru. Wọ́n ń pe ọlọ́lá náà ní patronus, ìyẹn baba ìsàlẹ̀; wọ́n ń pe ẹni tó wá kí i ní cliens, ìyẹn ọmọ ẹ̀yìn. Ipò ẹni ló ń sọ ìgbà tí yóò kàn án láti wọlé. Ọ̀pọ̀ ọlọ́lá a máa ní ẹrú kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa sọ orúkọ ẹni tó ń bọ̀ sí i létí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí àlejò má baà fura pé wọ́n ti gbàgbé òun.

Lákọ̀ọ́kọ́, oúnjẹ nínú agbọ̀n kékeré, sportula, ni ọmọ ẹ̀yìn ń gbà lọ sílé. Nígbà tó yá, owó rọ́pò oúnjẹ, ṣùgbọ́n orúkọ agbọ̀n kò kúrò lára rẹ̀. Ní ìgbà ayé akéwì Martial, ní ọ̀rúndún kìn-ín-ní lẹ́yìn ìbí Jésù, quadrans 100 ni iye tó wọ́pọ̀. Quadrans ni owó idẹ tó kéré jù lọ, ẹyọ kan ni wọ́n sì fi ń wẹ̀ nílé ìwẹ̀ ìlú. Owó bẹ́ẹ̀ kò lè sọ ẹnikẹ́ni di olówó. Ohun tó níye lórí ni ẹni tí yóò gbẹnu sọ fúnni nílé ẹjọ́. Láti ọdún 204 ṣáájú ìbí Jésù ni òfin Cincia sì ti sọ pé agbẹjọ́rò kò gbọdọ̀ gba owó tàbí ẹ̀bùn nítorí ẹjọ́, nítorí náà ọmọ ẹ̀yìn ń fi ẹsẹ̀ san án: yóò tẹ̀ lé baba ìsàlẹ̀ lọ sí Forum, gbàgede ìlú, kí gbogbo ayé lè rí bí èrò ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, yóò sì dìbò fún un.

Kò sí ìwé àdéhùn láàárín àwọn méjèèjì. Òfin Wàláà Méjìlá ti nǹkan bí ọdún 450 ṣáájú ìbí Jésù sọ pé baba ìsàlẹ̀ tó bá rẹ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ di ẹni ègún, àmọ́ ojú àwọn ará ìlú ló dà bí ẹni pé wọ́n bẹ̀rù jù. Nígbà tí òfin ọdún 139 ṣáájú ìbí Jésù sọ ìbò yíyàn sípò di ìbò ìkọ̀kọ̀, baba ìsàlẹ̀ kò tún lè mọ ẹni tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ yàn mọ́.

Ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú ni òfin ti wọ ọ̀rọ̀ náà gan-an, torí pé ọ̀gá àná ló di baba ìsàlẹ̀ rẹ̀. Orúkọ ọ̀gá ni yóò máa jẹ́: nígbà tí Tiro, akọ̀wé Marcus Tullius Cicero, olóṣèlú àti agbẹjọ́rò Róòmù, gba òmìnira ní ọdún 53 ṣáájú ìbí Jésù, ó di Marcus Tullius Tiro. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè pe baba ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́jọ́ láìgba àyè lọ́wọ́ adájọ́, ó sì lè ti búra pé òun yóò ṣiṣẹ́ ọjọ́ báyìí-báyìí fún un. Ikú pàápàá kò tú okùn náà. Lábẹ́ òfin Papia Poppaea ti ọdún 9 lẹ́yìn ìbí Jésù, bí ó bá fi ogún tó tó sesterce (owó Róòmù) 100,000 sílẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ kò sì pé mẹ́ta, baba ìsàlẹ̀ yóò bá àwọn ọmọ pín in bí ọ̀kan nínú wọn.

Odindi ìlú pàápàá a máa yan baba ìsàlẹ̀. Ìlú Tifernum Tiberinum yan Pliny Kékeré, òǹkọ̀wé Róòmù, nígbà tó kù díẹ̀ kó dàgbà tán, ó sì fi owó ara rẹ̀ kọ́ tẹ́ńpìlì fún wọn nígbà tó yá. Irú àṣà yìí wọ inú ìjọ Kristẹni lẹ́yìn náà, nítorí pé ẹni tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì a máa ní ẹ̀tọ́ láti fa àlùfáà ibẹ̀ kalẹ̀. Àwọn ọba Potogí gba irú ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ póòpù fún àwọn ilẹ̀ òkèèrè wọn, wọ́n pè é ní padroado, ó sì bá wọn dé Brazil. Nígbà tí Brazil gba òmìnira ní 1822, olú ọba ibẹ̀ kò jọ̀wọ́ rẹ̀: òun ló ń yan bíṣọ́ọ̀bù, ìjọba ló sì ń san owó oṣù àlùfáà, títí ìjọba olómìnira tuntun fi fòpin sí i ní ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1890.