Èédú tó pọ́n tí kò rú èéfín mọ́: ẹ má gbé e wọ inú àgọ́

“Ẹ jẹ́ kó pọ́n dáadáa, kí èéfín rẹ̀ tán, ẹ lè wá gbé e wọlé.” Kò sí ẹni tó ti bá ẹgbẹ́ Síkáòtù tàbí Bọ́ìsì Brìgéèdì lọ sun àgọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ tí kò ní í ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Àwọn tó ń lọ wo erin nínú igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lápá ibi tí wọ́n ń pè ní J4, ń sọ ọ́. Àwọn tó ń sùn mọ́jú létí òkun lápá Òde-Omi ń sọ ọ́. Àwọn àgbẹ̀ tó ń sùn sí ahéré lóko ń sọ ọ́. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n ń sọ. Èéfín igi a máa ta lójú, a máa fún èèyàn lọ́fun, bó bá sì pọ̀ jù, yóò lé onílé síta. Èédú tó ti pọ́n kì í ṣe gbogbo ìyẹn. Ó kàn wà níbẹ̀, ó ń móoru jẹ́jẹ́. Ni wọ́n bá gbà pé ibi tí èéfín bá ti tán, ewu ti tán níbẹ̀.

Ewu kò tán o. Ohun tó ń pa èèyàn nínú èédú kò sí lára èéfín rẹ̀, kò sì bá èéfín lọ.

Bó ṣe ń rí nìyí. Nígbà tí wọ́n ń sun igi di èédú, omi inú rẹ̀ àti oje rẹ̀ ti bá èéfín lọ lóko níbẹ̀, ohun tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kábọ́ọ̀nù nìkan. Kábọ́ọ̀nù yìí nílò ọ́síjìn púpọ̀ látinú afẹ́fẹ́ kó tó lè jó délẹ̀. Lókè àdògán tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ó lè rí i tó. Láàárín èédú tó gun ara wọn, kò lè rí i tó, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ olóró kan ti ń jáde, èyí tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní carbon monoxide. Ẹ tẹjú mọ́ àdògán lálẹ́, lẹ́yìn tí èédú bá ti pọ́n tán. Ẹ ó rí ahọ́n iná kéékèèké, aláwọ̀ búlúù, tó ń fò fẹ́rẹ́ fẹ́rẹ́ lórí èédú. Afẹ́fẹ́ olóró náà nìyẹn, òun ló ń jó bó ṣe ń bọ́ síta. Èyí tó bá jó tán ti kúrò nínú ọ̀rọ̀. Èyí tí kò bá jó ni yóò dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tí ẹ̀ ń mí. Nígbà tí eérú bá wá bo èédú, iná búlúù yẹn á pòórá, ẹni tó ń wò ó á ní ó ti ń kú lọ. Afẹ́fẹ́ olóró náà ṣì ń jáde lábẹ́ eérú, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò dùn, kò korò. Àwọn àgbà ní èéfín kò ṣeé bò mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò ní èéfín tí yóò tú u fó. Bí a bá mí i símú, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ, síbi tí ọ́síjìn máa ń gbé. Agbára tó fi ń dì mọ́ ibẹ̀ ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ó dà bí èrò tó wọ mọ́tò tó gba gbogbo ìjókòó tí kò sì fẹ́ sọ̀: ọ́síjìn dé ẹnu ọ̀nà, kò rí àyè. Ọpọlọ àti ọkàn ló ń kọ́kọ́ jìyà. Ẹni tó lajú lè mọ̀ ọ́n lára, kí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, kí òòyì máa kọ́ ọ. Ẹni tó ti sùn kò ní í mọ nǹkan kan. Oorun náà ni yóò bá lọ.

“A ti ṣí fèrèsé àgọ́.” Èsì tí wọ́n sábà máa ń fọ̀ nìyẹn, ó sì yẹ ká dá a lóhùn dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló fi ọkàn tán an. Afẹ́fẹ́ olóró yìí kò wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ fúyẹ́ jù ú lọ. Kò ní í gòkè lọ bá ihò tí ẹ ṣí sílẹ̀, kò sì ní í rọ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń kárí ni. Aṣọ àgọ́ tí òjò bá sì ti pa á tún ń sé afẹ́fẹ́ ju èyí tó gbẹ lọ, bẹ́ẹ̀ alẹ́ òjò gan-an ni wọ́n máa ń gbé àdògán wọlé. Kò sí ìwọ̀n fèrèsé tí mo lè ní kí ẹnikẹ́ni gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn kan ń ta ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tó máa ń pariwo bí afẹ́fẹ́ olóró yìí bá pọ̀. Ẹ rà á bí agbára bá ká a, ó dára lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀ nílé pàápàá, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí pé ẹ ní in gbé èédú wọlé.

Àwọn tó ń gbé e wọlé ní ìdí tiwọn, mi ò sì ní í fojú kéré rẹ̀. Ìdí kan ni ẹ̀fọn. Ẹni tó bá ti sun etí omi rí nílẹ̀ Ìjẹ̀bú mọ ohun tí mò ń sọ. Wọn a da èèpo ọsàn gbígbẹ tàbí ewé efinrin sórí èédú, kí òórùn rẹ̀ lé ẹ̀fọn lọ. Ẹ lè ṣe é níta, níbi tí ẹ ti ń jẹun. Tó bá di oorun, nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ta. Ìdí kejì ni òtútù, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Èyí ní ojútùú tó dáa ju èédú lọ: ẹ se omi níta, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tí ìdérí rẹ̀ le, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ yín lábẹ́ ìbora. Ara á yá gágá.

Ti òjò ló máa ń ká èèyàn mọ́. Ebi ń pa àwọn ọmọ, òjò ń rọ̀ lẹ́yìn, àdògán ń kú lọ níta. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti bá wa yanjú èyí tipẹ́, ó yà mí lẹ́nu pé a kì í ka gààrí mọ́ ohun èlò ìrìn-àjò. Gààrí Ìjẹ̀bú kò bèèrè iná. Omi tútù, ẹ̀pà, ṣúgà, ẹja díndín bó bá wà, oúnjẹ ti délẹ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sí àgọ́ gbọ́dọ̀ ní gààrí tó tó jẹ lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, kó má baà jẹ́ pé iná nìkan ló wà láàárín òun àti ebi. Bí ẹ bá sì fẹ́ dáná lábẹ́ òjò, ẹ ta tapólì sórí igi gíga, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ yíká, kó sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà àgọ́.

Ọ̀rọ̀ gáàsì ló kàn. Mo gbà pé ìbẹ̀rù gáàsì wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn èèyàn fẹ́ràn èédú tó bẹ́ẹ̀. Gáàsì a máa rùn, a sì máa bú gbàù, gbogbo wa la ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Òórùn yẹn gan-an, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sínú rẹ̀ ni, kí imú lè tètè mọ̀ bó bá ń jò. Èédú kò ní irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Fún ẹni mẹ́ta mẹ́rin tó ń lọ sun igbó, sílíńdà kékeré oníkílò 3 tí wọ́n máa ń dè iná mọ́ lórí ni mo máa ń ní kí wọ́n mú. Ó ṣeé dín kù, ó ṣeé pa lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo ìkọ́kọrẹ́: lẹ́yìn tí ẹ bá ti bu ewùrà rírin sínú omi ọbẹ̀, iná kékeré ló fẹ́, kó lè dì láìjóná nísàlẹ̀. Lórí èédú, àfi kí ẹ máa fi igi wa èédú síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí gáàsì, ẹ ó kàn yí i wálẹ̀ ni.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi kànìnkànìn ho ọṣẹ, kí ẹ fi pa ojú ibi tí iná ti so mọ́ sílíńdà. Bó bá ń hó pọ̀ọ́pọ̀ọ́, ó ń jò, ẹ má gbé e lọ. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń rọ̀ sí bó bá jò. Nítorí náà, ẹ má torí pé atẹ́gùn ń fẹ́ kí ẹ lọ gbé e kalẹ̀ sínú kòtò tàbí yàrà jíjìn. Àwọn tó ń lọ sí Òkè-Ẹ̀rí lọ wo Ẹrẹdò, yàrà Bilikisu Sùngbọ́, ni mo ń fi èyí tọrọ lọ́wọ́ wọn jù. Ẹ dáná lórí ilẹ̀ títẹ́. Páànù kan tí ẹ gbé dúró síhà tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ ti tó, kí ọ̀nà yòókù ṣí sílẹ̀.

Irú sítóòfù kejì tó ti wà lọ́jà báyìí ni pẹlẹbẹ tó ń lo agolo gáàsì, tí agolo rẹ̀ máa ń dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ó dára, ó fúyẹ́. Ibi tí àwa ti ń ṣì í lò ni ìkòkò. Ọmọ Ìjẹ̀bú kì í fẹ́ se oúnjẹ tí kò ní í kárí, bí ìkòkò ńlá ṣe ń gun orí iná kékeré nìyẹn. Ìdí ìkòkò tó fẹ̀ á nà kọjá iná, á bo orí agolo mọ́lẹ̀, ooru tó ń ti abẹ́ rẹ̀ bọ̀ á sì máa yan agolo náà. Gáàsì inú rẹ̀ á wú, agolo lè bẹ́. Ìkòkò tí kò bá dé ibi agolo ni ẹ lò, kí ẹ sì dé e lómọrí. Bí èrò bá pọ̀, ẹ sè é lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí ẹ lo àdògán níta gbangba.

Ẹ ó rí i tí àwọn èèyàn ilẹ̀ olótùútù ń kìlọ̀ pé gáàsì butane kì í jáde dáadáa nínú òtútù. Òótọ́ ni, níbi tí omi ti ń di yìnyín: bí òtútù bá ti dé nǹkan bí 0°C, butane kì í di afẹ́fẹ́ mọ́, àmọ́ propane, irú gáàsì ìdáná mìíràn, ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dé nǹkan bí -40°C. Ọyẹ́ tiwa kò lè débẹ̀ láéláé. Ẹ má fi owó kún owó nítorí ìyẹn. Ti sítóòfù kẹrosín kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ẹ má bu kẹrosín sí i nígbà tó ń jó, ẹ má sì ra kẹrosín lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀, torí èyí tí wọ́n lú mọ́ pẹtiróòlù ti ba ayé ọ̀pọ̀ ìdílé jẹ́.

Gáàsì àti kẹrosín náà kò gbọ́dọ̀ wọ inú àgọ́ o. Bí ọ́síjìn bá ti ń tán níbi tó há, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú afẹ́fẹ́ olóró kan náà síta. Iná gáàsì tó pọ́n dípò kó jẹ́ búlúù, tàbí tó ń kun ìdí ìkòkò ní dúdú, ń sọ fún yín pé kò jó délẹ̀.

Bí ẹ bá sè tán, àdògán ṣì wà nínú ọ̀rọ̀. Mo ti rí i tí wọ́n gbé àdògán tí eérú bò sínú búùtù mọ́tò, wọ́n gbé gíláàsì sókè, wọ́n tan ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n ń padà sílé pẹ̀lú àwọn ọmọ lẹ́yìn. Mọ́tò kéré ju àgọ́ lọ. Ẹ da omi sí èédú, ẹ fi igi rò ó, ẹ tún da omi sí i, títí ẹ ó fi lè na ọwọ́ sún mọ́ ọn láìmọ ooru kankan. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ohun kan náà ni kò ní í jẹ́ kí igbó Ọmọ gbiná, igbó tí UNESCO ti kà mọ́ àwọn ibi àdáyébá tó yẹ ká dáàbò bò láti ọdún 1977.

Bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú àgọ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà, tí èébì ń gbé wọn, tí ẹsẹ̀ wọn kò ranlẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ pè é ní ibà. Ibà kì í mú gbogbo èèyàn láàárín wákàtí kan. Ẹ má sì sọ pé igbó ló ń bá wọn jà. Ẹ fa wọ́n síta sínú afẹ́fẹ́ kíákíá, kí ẹ̀yin náà má pẹ́ níbẹ̀. Ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí wọn lẹ́nu: inú ẹ̀jẹ̀ ni májèlé yìí wà, kò sí nínú ikùn, ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ sì lè ti ibẹ̀ fún pa. Ẹ pe 112, tàbí kí ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn tó ní ọ́síjìn, bíi ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, ó máa ń gbà tó wákàtí 4 sí 5 kí ìdajì májèlé náà tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀; pẹ̀lú ọ́síjìn gidi, ó lè má ju wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Aboyún àti ọmọdé ni kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú, bí ara wọn bá tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó ti yá. Kí ẹ sì sọ fún dókítà láìfi bò pé àdògán wà nínú àgọ́, torí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wo ọ́síjìn kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ́síjìn àti afẹ́fẹ́ olóró yìí. Ó lè kọ ọ́ pé ara ẹni náà le koko, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kún fún májèlé.