Ìfèsì àdáṣe trigeminocardiac nínú iṣẹ́ abẹ oríkèé àgbọ̀n

Ìfèsì àdáṣe trigeminocardiac ni kí ìlùkìkì ọkàn ṣàdédé falẹ̀, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì já wálẹ̀, nígbà tí nǹkan bá fa ẹ̀ka kan lára iṣan ìmọ̀lára karùn-ún orí, tàbí tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn aláìsàn kì í mí fún ìgbà díẹ̀. Kì í sábà ṣẹlẹ̀ nínú iṣẹ́ abẹ oríkèé àgbọ̀n, àmọ́ bó bá dé, wàràwàrà ló ń dé, ó sì lè dá ọkàn dúró. Òdiwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò ni kí ìlùkìkì ọkàn àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ fi ohun tó ju 20% dín sí ti tẹ́lẹ̀. Bí ọkàn bá ń lù nígbà 80 ní ìṣẹ́jú kan, a ó máa fura bó bá ti rẹlẹ̀ ju 64 lọ.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀

Ẹ̀ka kẹta iṣan karùn-ún ló ń gbé ìmọ̀lára oríkèé yìí. Ẹ̀ka rẹ̀ tó jẹ́ auriculotemporal, tó gba ẹ̀yìn ọrùn egungun àgbọ̀n yọ síwájú etí, ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn ẹ̀ka masseteric àti deep temporal wà níwájú. Ìmọ̀lára náà dé ìdí ọpọlọ, ó ru iṣan kẹwàá, vagus, sókè, vagus sì dẹ ìlùkìkì ọkàn.

Ìtàn

Ní 1870, Kratschmer rí irú rẹ̀ lára ológbò àti ehoro nígbà tó ń yọ imú wọn lẹ́nu. Aschner àti Dagnini ròyìn ti ẹyinjú ní 1908. Schaller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn rẹ̀ nínú iṣẹ́ abẹ inú agbárí ní 1999.

Ìgbà tó léwu

Ìgbà mẹ́ta ló yẹ kí dókítà akunnilóorun la ojú sílẹ̀ dáadáa: bí wọ́n bá ń fa àgbọ̀n wálẹ̀ kí orí egungun lè kúrò nínú kòtò rẹ̀; bí omi iyọ̀ bá ń wú àpò oríkèé nígbà tí wọ́n ń fi kámẹ́rà wo inú rẹ̀; àti bí wọ́n bá ń gé egungun tó ti so pọ̀, tí wọ́n wá ń fipá la ẹnu. Ó máa ń burú sí i bí oorun aláìsàn kò bá jìn, bí ọ́síjìn bá kéré, tàbí tí kábọ́n dáyọ́sáìdì bá ga. Ọmọdé àti àwọn tó ń lo beta-blocker, ìyẹn oògùn tó ń dẹ ìlùkìkì ọkàn, wà nínú ewu jù. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò là ni a ó tún ṣọ́ra fún jù: ó ṣòro láti ki ọ̀pá èémí bọ̀ ọ́ lọ́fun, kábọ́n dáyọ́sáìdì sì lè ti pọ̀ lára rẹ̀ kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìtọ́jú

Kí ẹ̀rọ tó ń ka ìlùkìkì ọkàn máa dún ketekete, kí oníṣẹ́ abẹ náà lè gbọ́ ọ. Bí ìró rẹ̀ bá falẹ̀, oògùn àkọ́kọ́ ni kí wọ́n ní, “Ẹ dákun, ẹ fi sílẹ̀,” kí ọwọ́ sì kúrò lójú ẹsẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà ọkàn á padà bọ̀ sípò láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Kí wọ́n wo ọ́síjìn, kábọ́n dáyọ́sáìdì àti bí oorun ṣe jìn tó kí wọ́n tó tún fọwọ́ kàn án.

Bí kò bá padà, atropine, oògùn tó ń mú ìlùkìkì ọkàn yára, ni: mílígíráàmù 0.5 fún àgbàlagbà, a lè tún un ṣe títí dé 3. Fún ọmọdé, mílígíráàmù 0.02 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 0.4 fún ọmọ kílò 20. Ẹni tó bá ń fún un ní atropine nígbà tí irin ṣì ń fa àgbọ̀n ń fi àkókò ṣòfò. Glycopyrrolate, oògùn mìíràn bíi rẹ̀, máa ń pẹ́ ju atropine lọ kó tó ṣiṣẹ́. Bí ọkàn bá dúró, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀, kí ẹ fún àgbàlagbà ní adrenaline mílígíráàmù 1.

Bó bá ń padà wá, lidocaine, oògùn tó ń mú ojú ibi kan kú, tí a fi gún àyíká auriculotemporal lè dá a dúró. Fífún un ní atropine ṣáájú kò dáni lójú, ó sì lè da ìlù ọkàn rú.

Ẹ má ṣe pè é ní ẹ̀jẹ̀ dídà. Bí òpó ẹ̀jẹ̀ maxillary bá já, ìfúnpá máa ń já, ṣùgbọ́n ìlùkìkì ọkàn máa ń yára. Nínú ìfèsì yìí méjèèjì ló ń rẹlẹ̀. Ẹni tó ń lo beta-blocker lè má fi ìyàtọ̀ náà hàn, nítorí náà kí wọ́n wo ojú ọgbẹ́ àti ìgò tí ẹ̀jẹ̀ ń kó sí.