Ẹ ń kó ọmọ bọ̀ l'Ékòó? Ẹ kọ́kọ́ mọ ìhà afárá tí ẹ ó sùn

Bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi gígùn, fóònù orí káńtà wa kì í dákẹ́ mọ́. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gba àlejò ní hòtẹ́ẹ̀lì l'Ékòó, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé "Èló ni?" ni bàbá ọlọ́mọ máa kọ́kọ́ bi mí. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò kan swimming pool. Àwọn tó ti bi mí rí pé, "Láti ọ̀dọ̀ yín, báwo la ṣe máa dé ibi tí à ń lọ?" kò pọ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tó yẹ kó ṣíwájú owó nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, ìdílé kan wá láti Ìlọrin: bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta. Ìkẹjà lọ́dọ̀ wa ni wọ́n gba yàrá sí, torí pé owó wa kò ga, àti pé ẹnìkan sọ fún wọn pé Ìkẹjà ni àárín Èkó. Àmọ́ gbogbo ibi tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ló wà ní òdìkejì omi: Lekki Conservation Centre, níbi tí afárá orí igi tó gùn ní mítà 401 wà, tí ọ̀bọ ń fò kiri, gálárì iṣẹ́ ọnà Nike, mùsíọ́mù Oníkan, níbi tí wọ́n gbé mọ́tò tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní 1976 sí. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n jáde. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá kí wọ́n tó wọlé. Bàbá gbé àbíkẹ́yìn sí èjìká, bàtà ọmọ náà ti ku ẹsẹ̀ kan. Ìyá kàn ń mi orí.

Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé ẹ gbádùn ibẹ̀?"

Bàbá ní, "Àbúrò, afárá la lọ wò."

Afárá Third Mainland ló ń wí. Láti 1990 tí wọ́n ti ṣí i, òun ni òpópónà ńlá láàárín Mainland, ìhà Ìkẹjà, àti Island, ìhà Oníkan àti Lẹ́kí, ó sì gùn ju kìlómítà 11 lọ. Ohun tí àlejò kì í mọ̀ ni pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ ní ìhà tó ń kọjú sí. Láàárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ́ lọ sí Island. Nírọ̀lẹ́, wọ́n ń wọ́ bọ̀ sí Mainland. Ẹni tó bá sùn sí Ìkẹjà tó ń lọ ṣeré ní Lẹ́kí yóò bá wọn lọ, yóò tún bá wọn bọ̀. Ẹni tó bá sùn sí Island, tó fẹ́ dé Ìkẹjà lọ wo ilé Fẹlá, Kalakuta, yóò máa wò wọ́n lódìkejì ọ̀nà ni, tirẹ̀ á sì máa yọ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ ibi mẹ́ta tí ẹ fẹ́ dé sórí ìwé. Tí méjì bá wà ní Island, Island ni kí ẹ sùn, kódà kí yàrá ibẹ̀ fi díẹ̀ wọ́n ju ti Mainland lọ. Owó mọ́tò àti ìrora àwọn ọmọ yóò jẹ ìyàtọ̀ náà tán kó tó di ọjọ́ kejì. Tí ó bá jẹ́ pé bàálù àárọ̀ kùtù ni ẹ fẹ́ wọ̀ padà, ẹ fi alẹ́ tó gbẹ̀yìn nìkan sí Ìkẹjà, níbi tí pápákọ̀ òfurufú wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà n'Ìbàdàn, Alágomejì lẹ máa sọ̀ sí. Yábàá ti wà níbẹ̀, Oníkan náà kò sì jìnnà. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó ń ná Mile 2 sí Marina láti 2023 tún ń gba orí omi kọjá. Mo mọ ọmọ tó jẹ́ pé ọkọ̀ yẹn nìkan ló rántí nínú gbogbo Èkó.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa Lẹ́kí. Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì tó ń pe ara rẹ̀ ní Lẹ́kí, Ajah ló wà, àwọn mìíràn tilẹ̀ kọjá Ajah. Ẹ bi wọ́n pé bọ́ọ̀sì-stọ́ọ̀pù wo ló sún mọ́ wọn jù, kí ẹ wá ṣí Google Maps ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan, kí ẹ wo iye wákàtí tó máa gbà láti ibẹ̀ dé ibi tí ẹ ń lọ. Tó bá jẹ́ oṣù kẹfà tàbí ìkeje lẹ ń bọ̀, ẹ bèèrè bóyá omi máa ń dí àdúgbò wọn lọ́nà. Fọ́tò hòtẹ́ẹ̀lì kò fi àgbàrá hàn rí.

Ọ̀rọ̀ owó ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù lọ nídìí káńtà. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ wa, ẹni méjì ni yàrá kan wà fún.

"Mo ti sọ fún yín lórí fóònù pé àwa márùn-ún ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Oúnjẹ àárọ̀ ẹni méjì ló wà nínú owó yàrá. Àwọn tó kù máa sanwó, mà."

"Títí kan ọmọ ọdún mẹ́rin?"

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí débi pé mo lè dáhùn rẹ̀ lójú oorun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sórí WhatsApp fún yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀: ọmọ mélòó ló lè sùn sínú yàrá, èló ni fóòmù ìsùn àfikún, èló ni oúnjẹ wọn. Ẹ tún bèèrè bóyá owó orí ti wà nínú iye tí wọ́n pè. VAT, owó orí ti ìjọba àpapọ̀, jẹ́ 7.5%, ti ìpínlẹ̀ Èkó lórí hòtẹ́ẹ̀lì jẹ́ 5%. Yàrá tí wọ́n bá pè ní ₦60,000 láìka owó orí mọ́ ọn yóò di ₦67,500. Alẹ́ mẹ́ta, ₦202,500. Àwọn kan tún ń fi owó ìtọ́jú àlejò (service charge) lé e. Owó ìdógò tí wọ́n ń dá padà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ gba rìsíìtì rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ní ti iná, ẹ má wulẹ̀ bèèrè bóyá iná ń wà tọ̀sán-tòru. Kò sí ẹni tó máa ní rárá. Ẹ bèèrè pé, "Aago mélòó lẹ máa ń pa jẹnẹrétọ̀?" Tí ẹni tó gbé fóònù bá dákẹ́ díẹ̀, ẹ ti gbọ́ èsì. Ẹ tún bèèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ náà wà sí fèrèsé yàrá yín. Ariwo nìkan kọ́ ni mò ń sọ. Èéfín burúkú inú rẹ̀, carbon monoxide, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì lè pa ènìyàn lójú oorun. Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí jẹnẹrétọ̀, ẹ má gbà á, bó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó.

Ẹ má tijú láti bèèrè bóyá wọ́n ń gba "short rest". Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi o. Owó rẹ̀ ni a fi ń ra dísù (diesel) sí jẹnẹrétọ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń gba yàrá ní wákàtí-wákàtí, ìlẹ̀kùn rẹ̀ kì í sinmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì máa ń béèrè ohun tí ẹ kò ní fẹ́ dáhùn.

Ní ti swimming pool: ṣé ògiri tàbí géètì yí i ká, ṣé ẹni tó ń ṣọ́ ọ wà níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́? Tí kò bá sí, ẹ kà á sí kòtò omi.

Bí ẹ bá dé, ẹ fi ẹrù sílẹ̀ sínú mọ́tò, kí ẹnìkan gòkè lọ wo yàrá. Kó ṣí omi, kó tan ẹ̀rọ amúlétutù, kó wo nẹ́ẹ̀tì fèrèsé nítorí ẹ̀fọn, kó ti ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta wò bóyá ọmọdé lè ṣí i. Bí nǹkan kan kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó sórí ibùsùn. A máa ń fi yàrá kan tàbí méjì tó dára pa mọ́ títí di aago mẹ́jọ alẹ́, bóyá ọ̀gá ńlá kan á dé. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ lápá ọ̀tún mi, ẹni tó bá fi pẹ̀lẹ́tù bèèrè ni mo sì máa ń gbé e fún.