Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí omi dà sí: àyẹ̀wò àti àtúnṣe

Àyẹ̀wò kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí omi dà sí ni iṣẹ́ wíwá gbogbo ibi tí omi, tíì, ẹlẹ́rìndòdò tàbí ohun ṣíṣàn mìíràn dé nínú ẹ̀rọ náà, fífọ ibẹ̀ mọ́, jíjẹ́ kí ó gbẹ, àti dídán ẹ̀yà rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí a tó dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó rọrùn láti gbà là ju kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ, nítorí pé kò ní bátìrì ńlá tí yóò máa fún un níná lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ́ kúrò lójú iná, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kò dùbúlẹ̀ lórí motherboard (bọ́ọ̀dù ńlá tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́), ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ṣeé tú, ó ṣeé pààrọ̀. Omi nìkan kì í sábà pa á. Iná tó bá omi lára rẹ̀, àti ohun tí omi fi sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá gbẹ, ni wọ́n ń pa á.

Bí omi ṣe ń wọlé

Ọ̀nà tí omi ń gbà dá lórí bí àpótí kọ̀ǹpútà ṣe dúró. Ọ̀pọ̀ àpótí òde òní ní ihò afẹ́fẹ́ lókè, ojú USB àti síwíìṣì ìtanná sì máa ń wà lókè tàbí níwájú, nítorí náà àwọn ni omi kọ́kọ́ ń bá. Motherboard wà lóòró nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀. Omi tó gba òkè wọlé a máa ṣàn wálẹ̀ lójú rẹ̀, a máa dúró díẹ̀ lórí graphics card (káàdì tó ń gbé àwòrán jáde) tó nà jáde bí pẹpẹ, lẹ́yìn náà a tẹ̀lé etí káàdì náà dé ojú ihò tí wọ́n ti kì í bọ motherboard. Power pack, tó ń yí iná ìta padà sí èyí tí kọ̀ǹpútà lè lò, máa ń wà lókè nínú àpótí àtijọ́. Nínú ti ìsinsìnyí, ìsàlẹ̀ ló sábà ń wà, ibẹ̀ sì ni ohun tó ń kán máa ń parí sí. Wáyà pẹ̀lú máa ń sin omi lọ. Ẹ̀kán tíì kan lè tẹ̀lé ìdì wáyà láti òkè dé inú sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú 24 tí power pack fi ń fún motherboard níná, kó sì fara pamọ́ síbẹ̀ nígbà tí ojú bọ́ọ̀dù ti gbẹ tí ẹni tó ń wò ó sì rò pé kò sí nǹkan kan mọ́. Bí àgbàrá òjò bá wọ yàrá tí wọ́n gbé àpótí kalẹ̀ sí, ìsàlẹ̀ ni ìbàjẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, omi náà a sì gbé ẹrẹ̀ wá.

Ohun tí omi ń ṣe

Omi tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé iná. Iyọ̀ tó ti yòrò sínú omi ló ń gbé e, omi kànga, omi ẹ̀rọ àti píọ̀ wọ́tà sì ní irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀, kálukú ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí omi bá kan ojú irin méjì tí iná wọn kò dọ́gba, iná lè gba inú omi bọ́ sí ibi tí kò yẹ, kí ẹ̀yà kan sì jó lójú ẹsẹ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n èyí tó yẹ kí á bẹ̀rù jù kì í pariwo: irin tó wà níhà tí iná ti pọ̀ a máa yòrò díẹ̀díẹ̀ sínú omi, a rìn lọ sí ìhà kejì, a sì tún di irin padà níbẹ̀, tí yóò máa yọ ẹ̀ka tín-ín-rín bí gbòǹgbò títí yóò fi so ojú méjèèjì pọ̀. Fóòtì (ìwọ̀n agbára iná) mélòó kan péré àti ọ̀rinrin tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí ti tó fún un. Òun ló ń mú kí kọ̀ǹpútà tí kò ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ tí omi dà sí i kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ohun tó wà nínú omi sábà máa ń ṣe pàtàkì ju bí omi ṣe pọ̀ tó lọ. Ife omi kan tó dà sára kọ̀ǹpútà tí kò sí lójú iná lè má ba nǹkan kan jẹ́, nígbà tí ṣíbí tíì onímílíìkì kan lè sọ bọ́ọ̀dù di aláìwúlò. Ṣúgà máa ń gbẹ di gọ́ọ̀mù, gọ́ọ̀mù náà a sì tún máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra nígbà òjò. Ẹlẹ́rìndòdò oníkólà ní phosphoric acid nínú, pH rẹ̀ (ìwọ̀n ásíìdì, tó jẹ́ pé bó ṣe kéré sí ni ásíìdì ṣe le tó) sì wà ní nǹkan bíi 2.5. Ẹmu tó ti kan náà ní ásíìdì. Omi òkun àti omi ọbẹ̀ burú nítorí iyọ̀ wọn, ìtọ̀ eku tí àwọn oníṣẹ́ máa ń bá nínú àpótí tí wọn kò ṣí fún ìgbà pípẹ́ sì ń jẹ bàbà bí ẹni jẹ ẹ̀pà. Níbi tí bàbà bá ti jẹrà, àwọ̀ ewé ló máa ń yọ. Lórí lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó ẹ̀yà mọ́ bọ́ọ̀dù, ó máa ń funfun bí ẹfun.

Iná tí kì í lọ

Kí ilé iṣẹ́ Intel tó gbé ATX, ìlànà bí a ṣe ń ṣe àpótí, motherboard àti power pack, jáde ní 1995, síwíìṣì ara kọ̀ǹpútà ló ń gé iná ìta fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà, síwíìṣì iwájú kàn ń ránṣẹ́ sí motherboard ni, power pack sì ń fi fóòtì 5 kan ṣọwọ́ ní gbogbo ìgbà tí pọ́lọ́ọ̀gì bá ṣì wà lójú iná, ìbáà jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ti kú tí ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn. Wáyà elésè àlùkò, tó wà ní ojú kẹsàn-án sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú 24, ló ń gbé e. Nítorí náà, pípa kọ̀ǹpútà kò tó. Pọ́lọ́ọ̀gì ni kí á yọ. Bí pọ́lọ́ọ̀gì tàbí ilẹ̀ ibẹ̀ bá tutù, ìdí mítà tàbí ibi tí wọ́n ti ń gé iná ilé ni kí á ti pa á kí ọwọ́ tó kàn án. Ilé tó ní UPS tàbí ínfátà ń fẹ́ àkíyèsí sí i, nítorí pé bí iná ìjọba bá tilẹ̀ lọ, àwọn wọ̀nyí ṣì ń fún kọ̀ǹpútà níná.

Lẹ́yìn èyí, a lè tẹ síwíìṣì iwájú mọ́lẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá kí iná tó ṣẹ́kù lè tán, kí á sì yọ bátìrì CR2032 olóju owó ẹyọ tó wà lórí motherboard, nítorí fóòtì 3 tirẹ̀ náà ń bá omi ṣiṣẹ́. Power pack nìkan ni a kì í tú. Níbi tí iná ìta bá jẹ́ fóòtì 230, kápásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ máa ń gbé iná tó tó fóòtì 325, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ pọ́lọ́ọ̀gì. Bí omi bá wọ̀ ọ́, pípààrọ̀ rẹ̀ ni ó bọ́gbọ́n mu.

Fífọ̀

Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé omi ni a tún fi ń tún ohun tí omi bà jẹ́ ṣe. Bọ́ọ̀dù tí tíì dà sí kò ní mọ́ nípa gbígbẹ nìkan, nítorí ṣúgà àti mílíìkì kì í bá oru lọ. A ó yọ RAM (ẹ̀yà ìrántí ìgbà díẹ̀), káàdì, bátìrì àti irin tó ń fa ooru kúrò lórí processor (ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò kọ̀ǹpútà), a ó fi omi tí kò ní iyọ̀ nínú ṣan ibi tó lẹ̀, a ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ gbo ó jẹ́jẹ́. Omi bátìrì ọkọ̀ tí wọ́n ń tà nílé epo dára fún èyí, bí ó bá jẹ́ omi ni lóòótọ́. Ásíìdì bátìrì wà nínú irú ike kan náà, kíka ohun tí wọ́n kọ sára ike sì ṣe kókó. Isopropyl alcohol ló ń tẹ̀lé e, èyí tó bá jẹ́ ìdá 99 nínú 100 ló dára jù, nítorí ó ń lé omi jáde, òun náà a sì gbẹ kíákíá. Àwọn oníṣẹ́ kan ní Nàìjíríà máa ń lo bẹntiróòlù tàbí tínà dípò rẹ̀. Wọ́n ń bó ọ̀rá, ṣùgbọ́n wọn kì í yọ ṣúgà tàbí iyọ̀, wọ́n lè jẹ ike, wọ́n sì lè gbiná.

Ibi tó ń fúnni níṣẹ́ jù ni abẹ́ àwọn ẹ̀yà pẹlẹbẹ tí ẹsẹ̀ wọn wà nísàlẹ̀ ikùn, àti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí a bá yọ RAM tí mọ́ọ̀tì ti kán sí, a lè rí ìlà pupa rúsúrúsú kan láàárín ẹsẹ̀ wúrà méjì, tó tín-ín-rín bí irun, tó sì lẹ̀ mọ́ ìka. Írésà ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ fi ń nu ẹsẹ̀ RAM. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kí á gbọn èérún rẹ̀ dànù.

Gbígbẹ

Ìrẹsì tí àwọn kan máa ń fi ẹ̀rọ tó tutù sí kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, ìyẹ̀fun rẹ̀ nìkan ló máa ń fi sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ fáànù tó ń fẹ́ léraléra sàn ju ooru lọ. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni wọ́n sábà ń fún un. Nígbà ọyẹ́ ó lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà òjò ó lè pẹ́.

Dídán an wò

A kì í to gbogbo ẹ̀yà padà kí á tó tan iná. Power pack ni a kọ́kọ́ ń dán wò lóun nìkan: bí a bá fi wáyà kékeré so ojú kẹrìndínlógún sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú 24, tó jẹ́ wáyà àwọ̀ ewé, mọ́ ọ̀kan lára àwọn dúdú, ó yẹ kó tan, kí mítà tí a fi ń wọn fóòtì sì kà á láàárín 11.4 sí 12.6 fún fóòtì 12, àti 4.75 sí 5.25 fún fóòtì 5. Nínú ọ̀pọ̀ power pack tuntun, gbogbo wáyà ló dúdú, kíka ojú ihò nìkan ló sì kù. Lẹ́yìn èyí ni a ó so motherboard, processor pẹ̀lú fáànù rẹ̀, àti RAM ẹyọ kan péré.

Ìwà kọ̀ǹpútà ní àsìkò yìí ń sọ ibi tí àìsàn wà. Bí fáànù bá yí lẹ́ẹ̀kan tó sì dúró, ó ṣeé ṣe kí ojú iná kan ti kan ilẹ̀, tí power pack sì ń dáàbò bo ara rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ń dá tan fúnra rẹ̀, ojú méjì tí síwíìṣì iwájú máa ń so pọ̀ ni kí á kọ́kọ́ fọ̀. Bí ìkìlọ̀ bá jáde pé iná USB ti pọ̀ jù, tí ẹ̀rọ sì pa ara rẹ̀, wáyà USB iwájú àpótí ni kí á yọ, nítorí ibẹ̀ ni omi ti kọ́kọ́ bà sí. Lọ́pọ̀ ìgbà ìṣòro náà a tán síbẹ̀. Bí ó bá ń ké bíbù-bíbù láìsí àwòrán, ó kéré tán processor ṣì wà láàyè.

Fáìlì àti àwọn ẹ̀yà yòókù

Hard disk tó ń yí ní ihò kékeré tó fi ń mí, àyàfi àwọn onígáàsì helium tí wọ́n dí pa. Bí omi bá ti bo ihò náà, a kò gbọdọ̀ tan án. Àwọn tó ń gba fáìlì là ló yẹ kó gbà á, bí fáìlì náà bá níye lórí. SSD, ibi ìpamọ́ fáìlì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ṣeé fọ̀ bíi ti bọ́ọ̀dù. Kíbọ́ọ̀dù kò gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀, pípààrọ̀ rẹ̀ sì sábà ń ṣeé ṣe ju títún un ṣe lọ. Wọ́ránti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò kan omi.

Àbùkù tó ń pẹ́ yọ

Kọ̀ǹpútà tó tan lẹ́yìn fífọ̀ ṣì yẹ kí á tún ṣí wò lẹ́yìn oṣù kan, pàápàá ní sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú 24 àti lábẹ́ graphics card. Aago rẹ̀ náà tó àmì. Ó gbára lé kírísítà kékeré kan tó ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá sì kéré débi pé ìdọ̀tí tí ojú kò rí lè dà á láàmú. Bí aago bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, tí bátìrì tuntun kò sì wò ó sàn, ó ṣeé ṣe kí ohun tó dà sí i ṣì kù lágbègbè bátìrì náà, kí á sì ní láti tún ibẹ̀ fọ̀.