Bí Sọ́fíwíà Ìtajà Ṣe Ń Kúrò Nínú Kọ̀ǹpútà Ṣọ́ọ̀bù Bọ́ Sórí Fóònù

Ní Ìdúmọ̀tà àti Balógun, kì í ṣe ohun àjèjì kí gbogbo àkọsílẹ̀ òwò aláṣọ kan wà nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lẹ́yìn káńtà. Tí onítọ̀hún bá fẹ́ máa rí ọjà rẹ̀ lórí fóònù níbikíbi tó bá wà, àfi kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ náà lọ sórí cloud, ìyẹn ni pé sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ilé iṣẹ́ mìíràn ń tọ́jú ni yóò máa gbé e. Ìwọ̀nba oníṣòwò ló ní òṣìṣẹ́ tó mọ kóòdù kọ, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, nítorí náà agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n máa ń gbé iṣẹ́ ọ̀hún fún, yálà ní Yaba tàbí ní Íńdíà.

Àwọn èèyàn rò pé áàpù kíkọ ló le jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ ló máa ń jẹ àkókò. Nínú ìwé ajigbèsè, a lè rí “Ìyá Sìkírà”, “Àlhájà Ìyá Sìkírà” àti “Ìyá Sìkírà Agége”, kí ẹ̀rọ sì kà wọ́n sí oníbàárà mẹ́ta. Ẹni tó ti ń ta ọjà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ nìkan ló lè sọ bóyá ẹnì kan náà ni wọ́n, ó sì yẹ kó jókòó ti àwọn tó ń kọ kóòdù kí wọ́n tó kó ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ètò àtijọ́ àti tuntun yóò jọ máa ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọn yóò sì máa fi iye owó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé jáde nírọ̀lẹ́ wé ara wọn títí kò fi ní sí ìyàtọ̀ mọ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, ọwọ́jà rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn báńkì ní Nàìjíríà. Ká má tíì sọ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́. Nítorí náà, áàpù gbọ́dọ̀ lè kọ ohun tí wọ́n tà sínú fóònù, kó sì fi í ránṣẹ́ sí sáfà nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé. Kí ọjà kan má bàa wọlé lẹ́ẹ̀mejì, fóònù yóò ti fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀ kó tó rán an, kí sáfà lè dá a mọ̀ tó bá tún padà wá. Ṣùgbọ́n tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù méjì bá ta ìdì ankara kan ṣoṣo tó kù nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, oníṣòwò ni yóò pinnu oníbàárà tí yóò gbé e, kì í ṣe ẹni tó ń kọ kóòdù, inú ìwé àdéhùn ló sì yẹ kí ìpinnu náà wà.

Ìwé àdéhùn yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ń fojú fò. Nínú òfin Nàìjíríà, agbaṣẹ́ṣe tó kọ sọ́fíwíà ló ni ín, àyàfi tí àdéhùn inú ìwé bá sọ ọ́ di ti ẹni tó sanwó. Òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 kò sì gbé ẹrù àṣírí oníbàárà kúrò lórí oníṣòwò kìkì torí pé ó gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Orúkọ oníṣòwò fúnra rẹ̀ ló yẹ kó wà lórí àkáǹtì cloud, àti lórí ti Google Play àti ti Apple, níbi tí àwọn èèyàn ti ń gba áàpù sórí fóònù. Dọ́là ni wọ́n sábà fi ń ṣírò owó cloud ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tó ti ń san án kí náírà tó já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 kò nílò àlàyé.

Ní ti owó ìkẹyìn, ó dára kó wà lọ́wọ́ oníṣòwò títí ẹlòmíràn tí kò bá wọn ṣe iṣẹ́ náà yóò fi gba kóòdù, tí yóò sì lè fi í gbé áàpù náà dìde láìpe agbaṣẹ́ṣe lórí fóònù.