Iṣẹ́ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí Ìnhélà àti Sítẹ́rọ́ìdì Ń Ṣe Nígbà tí Àsímà Bá Dìde

Nígbà tí àsímà bá dìde sí ènìyàn, nǹkan méjì ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, oògùn kan náà kọ́ ni ó sì ń kojú méjèèjì. Àwọn iṣan tí ó yí ọ̀nà èémí ká a fún pọ̀, bí ìgbà tí a fa okùn ẹnu àpò. Yàtọ̀ sí èyí, awọ inú ọ̀nà èémí fúnra rẹ̀ a wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ó ki a sì dí ìwọ̀nba àyè tí ó ṣẹ́ kù. Mímí síta a wá ṣòro ju mímí sínú lọ, àyà a sì máa dún bí ẹni ń súfèé.

Iṣan nìkan ni ìnhélà ìtura, agolo kékeré tí a ń fi ẹnu fa oògùn inú rẹ̀, èyí tí oògùn salbutamol wà nínú rẹ̀, ń dẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́, agbára rẹ̀ sì lè wà lára fún wákàtí 4 sí 6. Ọwọ́ lè máa gbọ̀n, àyà sì lè máa lù kìkì fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí kò bá fà á bó ti yẹ, ẹnu àti ọ̀fun ni púpọ̀ nínú oògùn náà máa lẹ̀ mọ́. A ó mi agolo náà dáadáa, a ó kì í bọ ìdí ike gbọrọ tí wọ́n ń pè ní spacer, a ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, aláìsàn yóò sì rọra mí sínú, mí síta, láti inú ike náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí a tó tún mì ín, kí a tún tẹ̀ ẹ́.

Ara á tù ú. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, nítorí pé salbutamol kò fọwọ́ kan wíwú yẹn rárá, ẹni tí ó sì rò pé ó ti tán ní ìrọ̀lẹ́ lè jí lóru láìrí èémí mí. Wíwú ni sítẹ́rọ́ìdì wà fún. Prednisolone, sítẹ́rọ́ìdì oníhóró tí a ń gbé mì, kì í yára, ó máa ń tó wákàtí mẹ́rin, ó kéré tán, kí ìyàtọ̀ tó hàn, nítorí náà kì í ṣe oògùn tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ di ìgbà tí gbogbo nǹkan mìíràn bá kùnà. Ohun tí dókítà sábà máa ń kọ fún àgbàlagbà ni mílígírámù 40 sí 50 lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, fún ọjọ́ 5 sí 7; ti ọmọdé, bí ó bá ṣe wúwo sí ni. Òwúrọ̀ ni ó dára jù láti lò ó, nítorí ó lè lé oorun lọ. Kò yẹ kí a dá a dúró ní ọjọ́ kejì nítorí pé ara ti ń yá.

Bí aláìsàn kò bá lè parí gbólóhùn kan láìdúró mí, bí awọ àárín egungun ìhà rẹ̀ bá ń wọnú, bí ètè rẹ̀ bá ń dà bí aró, tàbí bí oorun bá ń kùn ún, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀. Kí ọkọ̀ tó dé, a lè tẹ ìnhélà ìtura fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀mẹwàá láàárín ìṣẹ́jú ogún-ogún. Bí súfèé inú àyà bá ṣàdédé dákẹ́ nígbà tí ó ṣì ń jà fún èémí, kì í ṣe àmì ìwòsàn: afẹ́fẹ́ tí ń kọjá kò tó mú ariwo wá mọ́ ni.

Lẹ́yìn tí ìjì bá rọlẹ̀, sítẹ́rọ́ìdì inú ìnhélà tí a ń fi ẹnu fà sínú lójoojúmọ́ ni kì í jẹ́ kí wíwú náà tètè padà. Ìwọ̀n tirẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti oníhóró, a sì gbọ́dọ̀ fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀ kí efu má baà hù sí ahọ́n. Agolo salbutamol kan sábà máa ń gba títẹ̀ 200. Ẹni tí ó bá lo mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún kan, kí ó kó àwọn agolo òfìfo náà dání lọ bá dókítà, nítorí iye wọn lè fi hàn pé wíwú náà kò rí ìtọ́jú tó.